Láti ibùdókọ̀ Saint-Charles dé Callelongue: ẹ jẹ́ ká to ọ̀nà ẹsẹ̀ Marseille pọ̀

Bàtà-Ò-Já
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ jẹ́ ká kó ohun tí kálukú mọ̀ nípa fífi ẹsẹ̀ rin Marseille já òkun sí ojú kan, torí ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń wọkọ̀ ojú irin bọ̀ láti Paris àti Lyon. Ibùdókọ̀ ojú irin Saint-Charles ni ìbẹ̀rẹ̀. Callelongue ni òpin, níbi tí ojú títì ọlọ́dà ti parí. Ọ̀nà wo ló dára jù? Báwo ló ṣe jìn tó? Ibo ni omi mímu wà, ibo lèèyàn sì ti lè wọ bọ́ọ̀sì bí ẹsẹ̀ bá kọ̀? Ẹni tó bá mọ apá kan kó ṣàlàyé apá ọ̀hún yékéyéké.

ỌmọÀjàṣẹ́
Ó tó bíi kìlómítà 15 sí 16 lápapọ̀. Láti ibùdókọ̀ dé Vieux-Port, ìyẹn ebúté àtijọ́, kìlómítà kan lé díẹ̀ ni. Vieux-Port sí etíkun Catalans tó bíi 2. Catalans sí ère David ní etíkun Prado tó bíi 4 àti ààbọ̀. David sí Pointe-Rouge lé díẹ̀ ní 2. Pointe-Rouge sí Callelongue ló gùn jù, bíi 6. Ẹni tó ń rin kìlómítà 4 ní wákàtí kan yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí 4 lórí ìrìn nìkan. Tí ẹ bá fi ìsinmi, oúnjẹ àti ìwẹ̀ kún un, odidi ọjọ́ kan ni.

Bí ẹ bá ti jáde ní ibùdókọ̀, ẹ bọ́ sí gbàgede iwájú rẹ̀. Àtẹ̀gùn ńlá tí wọ́n ṣí ní 1927 wà níbẹ̀, ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 104. Ẹ dúró lókè rẹ̀ kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ó rí ilé ìjọsìn Notre-Dame de la Garde lórí òkè ní iwájú, àti ère Màríà tí wọ́n fi wúrà bò lórí ilé ìṣọ́ rẹ̀. Ẹ fi ṣe àmì, torí ẹ̀yìn òkè yẹn ni òkun tí à ń lọ wà, ibi tó pọ̀ ní ìlú lẹ sì ti lè rí i.

Tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ tán, ẹ máa lọ tààrà lórí Boulevard d'Athènes, tó máa di Boulevard Dugommier, títí ẹ ó fi kan La Canebière. Ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún. La Canebière ń dà gẹ̀rẹ́ títí tó fi dé etí omi Vieux-Port. Èèyàn ò lè sọnù níbẹ̀.

Ìyá-Ìbejì-Lyon
Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Mo ní díẹ̀ láti fi kún un fún àwọn tó gbẹ́rù dání tàbí tó ní ọmọ lọ́wọ́. Ibi tí wọ́n ti ń bá èèyàn tọ́jú ẹrù wà nínú Saint-Charles. Ẹ gbé àpótí sílẹ̀ níbẹ̀, torí àpótí onítáyà lórí àtẹ̀gùn 104 yẹn, ìyà lásán ni. Ẹni tí orúnkún ń dùn lè wọ mẹ́tírò M1: Saint-Charles, Colbert, Vieux-Port, ó parí.

Ẹ má kọjá Noailles láì ra nǹkan. Bí ẹ bá kan La Canebière, àdúgbò náà wà ní òdìkejì títì, ọjà Capucins sì wà láàárín rẹ̀. Omi, búrẹ́dì, èso àti ólífì kò wọ́n níbẹ̀ tó ti etí òkun. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti ata wa náà ò ṣọ̀wọ́n ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀, àmọ́ ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá ń padà. Èrò máa ń pọ̀ ní òpópónà tóóró wọ̀nyẹn, nítorí náà kí fóònù wà nínú àpò iwájú, kí báàgì sì wà láyà.

Omi wá ńkọ́? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lítà 2 fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan ni kó wà nínú báàgì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ lè tún un bù lójú ọ̀nà níbi tí wọ́n bá kọ «eau potable» sí, ìyẹn omi tó ṣe é mu. Bí ẹ bá rí «non potable», ẹ fi fọ ọwọ́ nìkan.

Alárìnká
Etí Vieux-Port gan-an làwọn àlejò ti ń ṣìnà, ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀.

Bí ẹ bá ti La Canebière yọ, òrùlé kan tó ń dán bíi dígí wà lókè orí yín. Òpó tẹ́ẹ́rẹ́ ló gbé e dúró. Norman Foster ló ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2013. Ó gùn ní mítà 46, ó fẹ̀ ní mítà 22. Ẹ gbójú sókè, ẹ ó rí ara yín lódìkejì, orí nílẹ̀, ẹsẹ̀ lókè. Ibẹ̀ ló dára jù láti pàdé bí ẹ bá pọ̀, torí ibòji wà, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ ọ́n. Láàárọ̀, àwọn apẹja máa ń pàtẹ ẹja tútù síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí i kó tètè dé.

Láti ibẹ̀, ọwọ́ ÒSÌ lẹ ó yà, sí Quai de Rive-Neuve. Ẹni tó bá yà sọ́tùn-ún yóò rí ohun tó dára lóòótọ́: Le Panier, àdúgbò tó dàgbà jù ní ìlú tí àwọn Gíríìkì láti Phocaea tẹ̀ dó ní nǹkan bí ọdún 600 kí wọ́n tó bí Kristi, odi Fort Saint-Jean, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Mucem tí wọ́n ṣí ní 2013. Àmọ́ tó bá ń bá etí omi lọ síhà àríwá, kò ní pẹ́ kan Joliette. Láti ibẹ̀ lọ, ebúté ọkọ̀ òkun ńlá ni, wọ́n sì fi ọgbà yí i ká. Ibẹ̀ làwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Corsica àti Algeria ń gúnlẹ̀ sí. Ẹlẹ́sẹ̀ kò ní rí etí omi mọ́ títí dé L'Estaque, ojú títì ọkọ̀ akẹ́rù ni yóò máa bá lọ. Bí L'Estaque bá wu yín, ẹ wọ bọ́ọ̀sì 35 ní Joliette.

Ohun kejì: ẹni tó bá dúró ní Fort Saint-Jean yóò rí Pharo lódìkejì ẹnu ebúté, bí ẹni pé òkúta tó bá jù á débẹ̀. Kò sí afárá. Ihò abẹ́ ilẹ̀ tó wà níbẹ̀, ọkọ̀ nìkan ló ń gbà á. Ẹ ní láti yí ebúté po, bíi kìlómítà 2, tàbí kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré tó ń sọdá láti iwájú gbọ̀ngán ìlú sí Place aux Huiles. Ìsọdá náà kò gba àkókò.

Ẹlẹ́sẹ̀-Olókun
Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà látibẹ̀. Ní òpin Quai de Rive-Neuve, títì á gòkè díẹ̀, á gba ẹ̀gbẹ́ odi Fort Saint-Nicolas. Ẹ ya ọgbà Pharo wò, ọ̀fẹ́ ni, orí koríko rẹ̀ lẹ ti máa rí gbogbo ebúté. Látibẹ̀ ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí Catalans, etíkun oníyanrìn tó sún mọ́ àárín ìlú jù. Ó máa ń kún. Láti 2020 ni wọ́n ti ri àwọn ère sísàlẹ̀ omi nítòsí rẹ̀, bíi mítà 5 nísàlẹ̀, fún àwọn tó ní awò ìwẹ̀.

Lẹ́yìn Catalans ni Corniche Kennedy, títì etí òkun, bẹ̀rẹ̀, òun sì ni ọkàn ìrìn yìí. Ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí òkun lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, níbi tí ọkọ̀ kò ti ní dí yín lójú. Ògiri tó wà létí rẹ̀ kì í ṣe ògiri lásán, àga gbọọrọ tí wọ́n fi kọnkéré mọ ni, ó sì gùn lọ ní ọ̀pọ̀ kìlómítà. Ẹ lè jókòó níbikíbi tó bá wù yín, kí ẹ kọ ẹ̀yìn sí òkun tàbí kí ẹ kọjú sí i. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò sí ibòji. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ, láàárín aago 12 sí aago 4, ooru kọnkéré á máa ti ìsàlẹ̀ bọ̀, oòrùn á máa ti òkè jó yín. Fìlà abetí gbòòrò, ìpara ààbò oòrùn, aṣọ alápá gígùn tó fúyẹ́: ẹ má fi ọ̀kankan sílẹ̀.

Kò pẹ́ tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ lẹ ó kan ẹnu ọ̀nà ńlá kan tó dá dúró létí òkun. Wọ́n kọ́ ọ ní ìrántí àwọn ọmọ ogun Faransé tó kú ní Ìlà-Oòrùn àti ní ilẹ̀ jíjìn, 1927 ni wọ́n ṣí i. Lẹ́yìn rẹ̀, títì gba orí afárá olójú mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kọjá lórí rẹ̀ tí wọn kò mọ̀ pé abúlé wà lábẹ́. Ẹ wá àtẹ̀gùn tóóró tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó já sí Vallon des Auffes. Ebúté kékeré ni, kò tóbi ju agbo ilé ńlá kan lọ, ọkọ̀ apẹja onígi aláwọ̀ mèremère sì tò síbẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Auffe ni orúkọ koríko tí wọ́n fi ń hun okùn ọkọ̀ àti àwọ̀n níbẹ̀ láyé ọjọ́un. Bí ẹ bá dúró létí omi, ojú afárá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò jẹ́ férémù fún òkun. Ẹ fún ibẹ̀ ní ìdajì wákàtí, ó tọ́ sí i. Ilé oúnjẹ rẹ̀ wọ́n, ẹ jẹ oúnjẹ tí ẹ gbé bọ̀ lórí àga gbọọrọ òkè.

Malmousque ló tẹ̀ lé e. Àpáta ni, kì í ṣe yanrìn, kò sì sí adóòlà. Àwọn ọmọ ìlú ń wẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ ẹni tí kò mọ omi dáadáa kó dúró de etíkun Prophète tó wà níwájú. Yanrìn ni ti Prophète, omi rẹ̀ kò jìn, adóòlà sì máa ń wà níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ wọ bàtà inú omi bí ẹ bá fẹ́ wẹ̀ lórí àpáta. Oursin wà níbẹ̀, nǹkan kékeré dúdú tó lẹ̀ mọ́ òkúta tó sì ní ẹ̀gún lára bí òòrẹ̀. Ẹ̀gún rẹ̀ máa ń kán sínú àtẹ́lẹsẹ̀, yíyọ rẹ̀ kò rọrùn. Èkejì ni méduse, tó rí bí ẹ̀kọ mímu tó dì, tó sì ń ta èèyàn bí èsìsì. Bó bá ta yín, ẹ fi omi òkun ṣan ojú ibẹ̀. Ẹ má lo omi ẹ̀rọ, ẹ má sì fi ọwọ́ ra á.

Bàtà-Ò-Já
Ẹ ṣeun gan-an. Bí ẹsẹ̀ bá kọ̀ lórí Corniche, bọ́ọ̀sì 83 ni, àbí? Ṣé ó ń gbé èèyàn dé Pointe-Rouge?

ỌmọÀjàṣẹ́
Rárá o, ibẹ̀ ló ti ń rú àwọn èèyàn lójú. 83 ń ti Vieux-Port gba gbogbo Corniche, ṣùgbọ́n tó bá dé ibi ère David, inú ìlú ló ń yà sí, títí dé mẹ́tírò Rond-Point du Prado. Ẹni tó ń lọ sí Pointe-Rouge á sọ̀ kalẹ̀ létí òkun ní Prado, á wọ 19. Bọ́ọ̀sì 19 ń dé Madrague de Montredon. Ní Madrague, ẹ wọ 20, òun ló ń gba Les Goudes lọ sí Callelongue. Ẹ há a sórí: 83, 19, 20.

Nígbà tí ojú ọjọ́ bá dára nínú ọdún, ọkọ̀ ojú omi èrò tún máa ń ti Vieux-Port lọ sí Pointe-Rouge, òmíràn sì ń ti Pointe-Rouge lọ sí Les Goudes. Bí afẹ́fẹ́ bá le, wọn kì í rìn.

Alárìnká
Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí Corniche bá sú lè wọ bọ́ọ̀sì 60 ní Vieux-Port lọ sí Notre-Dame de la Garde, kó sì fẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ gba àdúgbò Endoume wá sí Vallon des Auffes. Ojú ọ̀nà náà ga, ó pọ̀ ní àtẹ̀gùn. Nínú ilé ìjọsìn náà, ẹ gbójú sókè: ọkọ̀ òkun kéékèèké ló so rọ̀ sí àjà, ẹ̀jẹ́ àwọn atukọ̀ tí òkun kò gbé lọ ni. Lára ògiri ìta, ojú ọta ìjà oṣù kẹjọ 1944 ṣì wà níbẹ̀.

Ìyá-Ìbejì-Lyon
Ó ku ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ ní Prado, torí ibẹ̀ làwọn ọlọ́mọ máa ń sinmi sí. Ọwọ́ èèyàn ló ṣe etíkun Prado: yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà mẹ́tírò ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n dà sínú òkun tí ilẹ̀ fi pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí koríko fi gbòòrò níbẹ̀ tí ilẹ̀ sì tẹ́ rẹrẹ, ó dára fún kẹ̀kẹ́ ọmọ.

Ẹ má wẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá. Odò Huveaune ń já sí òkun ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ gbẹ, wọ́n máa ń darí omi odò náà gba ojú ihò ìdọ̀tí lọ sí Cortiou, ní ẹ̀yìn àwọn òkè. Bí òjò bá pọ̀ jù, ihò náà kò gbà á mọ́, odò á ya wọ etíkun pẹ̀lú ìdọ̀tí ìlú. Ẹ wo àsíá: àwọ̀ ewé, ẹ lè wẹ̀, yẹ́lò, ẹ ṣọ́ra, pupa, ẹ má wọ omi, àwọ̀ àlùkò, omi ti dọ̀tí tàbí ẹranko tó ń ta èèyàn wà níbẹ̀. Omi lè mọ́ gaara lójú kí àsíá àlùkò wà lókè. Àsíá ni kí ẹ gbà gbọ́.

Bí oòrùn bá mú, Parc Borély wà nítòsí. Igi ńlá, ibòji, àti ibi tí ẹ ti lè sinmi wákàtí kan.

Ẹlẹ́sẹ̀-Olókun
Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ mistral, bẹ́ẹ̀ òun ló ń ba ọjọ́ àwọn èèyàn jẹ́ jù. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń ti àríwá ìwọ̀-oòrùn bọ̀ ni, ó sì lè kọjá kìlómítà 100 ní wákàtí kan. Ojú ọ̀run á mọ́ kedere, àlejò á rò pé ọjọ́ dára. Tí ẹ bá ń lọ síhà gúúsù, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ ló ti máa ń lù yín, ẹ ò ní mọ bó ṣe le tó títí ẹ ó fi yíjú padà. Ẹ wo àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí wọ́n bá ní mistral ń bọ̀, ẹ mú ẹ̀wù tí afẹ́fẹ́ kì í gbà kọjá, ẹ so fìlà mọ́rùn, ẹ má sì rin etí àpáta.

Ó tún ní ohun tó ń ṣe sí omi. Ó máa ń ti omi gbígbóná tó wà lójú òkun lọ sí àárín agbami, omi tútù ìsàlẹ̀ á wá gòkè rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, òkun tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ lánàá lè tutù bí omi fíríìjì lónìí, nínú oṣù keje pàápàá. Ẹ má fò wọ inú rẹ̀ lójijì. Ẹ fi ẹsẹ̀ wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

ỌmọÀjàṣẹ́
Apá tó kẹ́yìn wàyí. Láti Pointe-Rouge dé Madrague, ilé ṣì wà, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ṣì wà, ṣọ́ọ̀bù náà wà. Lẹ́yìn Madrague, gbogbo rẹ̀ yí padà. Òkúta funfun gbalẹ̀, títì há, ó ń yí kọ́rọ́kọ́rọ́, ọ̀pọ̀ ibi ni kò sì ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ rìn ní ọwọ́ òsì títì kí ẹ lè rí ọkọ̀ tó ń bọ̀, ẹ tò tẹ̀ lé ara yín, ẹ wọ aṣọ tó mọ́lẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ọmọ kò yẹ níbẹ̀ rárá. Ẹni tó ní ọmọ kékeré kó wọ bọ́ọ̀sì 20 ní Madrague.

Ní L'Escalette, kí ẹ tó dé Les Goudes, ẹ ó rí òkúta tí wọ́n tò bí ejò gùn lórí òkè. Ihò èéfín ni. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ òjé wà níbẹ̀ títí di 1925, wọ́n sì jẹ́ kí èéfín máa fà lọ sórí òkè dípò kí wọ́n mọ ilé èéfín gíga. Májèlé òjé àti àsẹ́níìkì ṣì wà nínú ilẹ̀ àyíká náà títí dòní. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ ṣeré, ẹ má jókòó lórí eruku dúdú, ẹ sì fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun.

Ìtàn apá ibẹ̀ yìí kàn wá. Yàtọ̀ sí ti òjé, ilé iṣẹ́ sódà náà wà ní etí òkun yìí ní ọ̀rúndún ìkọkàndínlógún, torí àwọn aṣọṣẹ Marseille kò lè ṣọṣẹ láìsí sódà àti epo. Ólífì ni wọ́n ń lò látilẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fi epo pupa àti ẹ̀pà láti Áfíríkà kún un. Ilé òwò Régis ti Marseille ti wà ní Ouidah ní àwọn ọdún 1840, ó ń ra epo ọ̀pẹ etíkun wa. Bí ẹ bá ń wo àwókù wọ̀nyẹn, ẹ rántí pé epo ilẹ̀ wa wà nínú ọrọ̀ tó kọ́ ìlú yẹn.

Les Goudes jẹ́ abúlé apẹja. Ẹ ra omi níbẹ̀, ẹ má fi dúró de Callelongue, torí ilé oúnjẹ tó wà níbẹ̀ kò pọ̀, wọ́n sì lè tì. Láti Les Goudes, ó ku díẹ̀ lé ní kìlómítà kan: títì gòkè kúkúrú kan, ó sọ̀ kalẹ̀, ebúté kékeré Callelongue yọ láàárín àpáta, ọ̀dà sì tán.

Bàtà-Ò-Já
Ẹni tó bá fẹ́ kọjá Callelongue ńkọ́? Mo rí àmì funfun àti pupa lórí àwòrán ilẹ̀.

Alárìnká
GR 98-51 nìyẹn, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ jíjìn tó gba gbogbo òkè Calanques dé ìlú Cassis. Calanque ni ibi tí òkun ti wọ àárín àpáta. Ó lé ní kìlómítà 25, kì í ṣe fún sálúbàtà, kò sì sí omi kankan lójú ọ̀nà. Lítà 3 ló kéré jù fún ẹnì kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó kàn fẹ́ tọ́ ọ wò lè dé calanque Marseilleveyre kó sì padà, ó tó bíi wákàtí kan ní lílọ. Ìlà funfun àti pupa tó dúbúlẹ̀ lórí ara wọn ni pé ọ̀nà tọ́. Bí wọ́n bá fi ṣe àgbélébùú, ẹ ti ṣìnà, ẹ padà. Ẹsẹ̀ àìmọye èèyàn ti dán òkúta ẹfun ibẹ̀, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ bó tilẹ̀ gbẹ. Bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ní eyín ni kí ẹ wọ̀.

Láti oṣù kẹfà dé òpin oṣù kẹsàn-án, wọ́n lè ti òkè náà pa nítorí iná igbó, pàápàá bí mistral bá ń fẹ́. Ẹ wò ó lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú lórí áàpù Mes Calanques. Pupa ni pé wọ́n ti tì í, owó ìtanràn sì wà fún ẹni tó bá wọ̀ ọ́. Sìgá àti iná dídá, èèwọ̀ ni. Ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ calanque Sugiton, tó wà ní ìhà Luminy: ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ẹ gbọ́dọ̀ gba àyè sílẹ̀ kí ẹ tó lọ síbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, 400 èèyàn péré lójúmọ́.

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe 112. Bó bá jẹ́ lórí omi, 196. Nẹ́tíwọ̀kì máa ń ṣẹ́jú láàárín àpáta, ẹ gòkè díẹ̀ kí ẹ tó pè.

Ìyá-Ìbejì-Lyon
Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo máa ń gba àwọn ọlọ́mọ àti àgbàlagbà nímọ̀ràn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: ẹ yí i padà. Ẹ tètè wọ 19 àti 20 láàárọ̀ lọ sí Callelongue, kí ẹ sì máa rìn bọ̀ wá sí ìlú. Ibi tí kò ní ibòji tí títì sì há lẹ ó kọ́kọ́ rìn nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù tí ọkọ̀ kò sì tíì pọ̀. Bí ọ̀sán bá pọ́n, ẹ ti wà ní Prado tàbí Borély. Láti ibẹ̀ lọ, ibùdó bọ́ọ̀sì kò jìn síra mọ́, ẹnikẹ́ni tó bá rẹ̀ lè wọ 83.

Bí mistral bá ń fẹ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ojú ni yóò máa fẹ́ lù yín títí dé Vieux-Port. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lọ síhà gúúsù, ẹ dá a dúró ní Pointe-Rouge.

Ẹlẹ́sẹ̀-Olókun
Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ. Ní ìgbà òtútù, síhà gúúsù ni kí ẹ lọ, kí ẹ lè rí oòrùn tó ń wọ̀ sínú òkun ní Les Goudes. Nínú oṣù kejìlá, ó ti ń wọ̀ ní nǹkan bí aago 5 ìrọ̀lẹ́. Nínú oṣù kẹfà, ó ń kọjá aago 9 alẹ́. Kí ẹ tó kúrò ní ibùdó bọ́ọ̀sì 20, ẹ ya àwòrán pátákó àkókò rẹ̀ sínú fóònù, ẹ wo ìlà ọjọ́ Àìkú lọ́tọ̀, torí ó yàtọ̀. Ẹ dé ibùdó náà kí bọ́ọ̀sì tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn tó dé. Bí èyí tó kẹ́yìn bá fi lè lọ, kìlómítà 4 nínú òkùnkùn lórí títì tí kò ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ló kù kí ẹ tó padà dé Madrague.